Àwo Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá 2025

Láti òní lọ, Yorùbá ni màá máa fi kọ ìwé yìí. Faransé ni mo fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àbúrò mi Junior jí i, ó sì kà á sétí gbogbo Rio, àdúgbò wa ní Libreville, àtènìyàn àtajá. Junior ò lè ka Yorùbá. Bó bá rí àmì lórí ọ̀rọ̀, ó rò pé eṣinṣin ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Màmá, ìyá bàbá mi, tí wọ́n fi dandan kọ́ mi lórí tábìlì ilé ìdáná nígbà tí mo ń sun ẹkún tó lè gbé ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tó mú mi gbé bírò nìyí. Sonia, ọ̀rẹ́ mi ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ wa, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi láàárín ẹ̀kọ́ ìṣirò. Orí Facebook ló ti rí i. Àwo orin kékeré kan ni, irú èyí tí wọ́n ń gbọ́ kí Ọlọ́run tó dá ayé, tó ní ìwé pupa róbótó láàárín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Aláyọ̀ Disques, Libreville, 1977. Akọrin: Opelenge. Ẹni tó gbé e síbẹ̀, Clément kan báyìí ní àdúgbò Batterie IV, ń bẹ gbogbo ayé pé kí ẹni tó bá mọ akọrin yìí jọ̀wọ́ sọ̀rọ̀, òun ti ń wá a láti ọdún mẹ́rin. Ẹnì kan fèsì pé ará Zaïre ni, ó ti kú. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe èèyàn rárá, orúkọ odò ni.

Mo pariwo ní kíláàsì. Tíṣà lé mi síta. Kò jẹ̀bi.

Aláyọ̀ Disques kẹ̀! Bàbá àgbà mi, Honoré Sàlàkọ́, ló ni ín. Fọ́tò wọn wà ní pálọ̀ wa, wọ́n dúró níwájú ilé iṣẹ́ náà nínú ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó àgọ́ ìsìn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì ni àbúrò wọn obìnrin. Ìgbàkígbà tí mo bá bu oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, Màmá á ní, "Anti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò jẹ tó báyìí o, wọ́n sì kọrin borí fèrè mẹ́ta."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Òjò ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Takisí gba ẹgbẹ̀rún fàráńkì dé Batterie IV. Olè ni gbogbo wọn.

Clément ò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó rí tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Àwo kún yàrá rẹ̀ dé àjà. Mo fura pé ó ń jẹ ẹ́. Ó ní ilé iṣẹ́ kan ní Belgium fẹ́ kó gbogbo orin Aláyọ̀ jọ sínú àwo ńlá kan, kí wọ́n tún un gbé jáde. Àwo kékeré méje péré ni Bàbá àgbà ṣe kí ilé iṣẹ́ náà tó kú, kò lo ọdún méjì láyé.

"Orin sóòlù tó dùn jù ní gbogbo etíkun yìí," ni Clément wí, "kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ."

Ó gbé apá kìíní sí i fún mi. Mo ti múra láti sùn. Fèrè bẹ̀rẹ̀, dùùrù tẹ̀ lé e, ohùn obìnrin kan wá fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn wọlé. Nàgó, Yorùbá àwọn ará Benin, ló fi ń kọrin. Ó ń bẹ ọkùnrin kan, ó sì ń bú u nínú ẹ̀bẹ̀ náà. Irun ọwọ́ mi dìde, kò jókòó títí orin fi tán. Ẹ̀jẹ̀ mi nìyẹn o! Mo wo ara mi nínú dígí Clément, mo rí i pé mo ti ga sí i.

"Petite," ó ní, "ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ sẹ́yìn àwo ń lọ níparí oṣù yìí. Bí mi ò bá rí orúkọ rẹ̀ gan-an, 'chanteuse inconnue' ni wọ́n máa kọ. Akọrin tí a ò mọ̀. Mo sì ti rí i pé àlùfáà Kátólíìkì kan ló ta gìtá fún un. Père Jean-Claude."

Mo wo àwo náà. Bàbá Jean-Claude ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ṣubú sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

"Jean-Claude ni bàbá mi," mo sọ fún un. "Bàbá Jean-Claude ni bàbá àgbà. Màmá ló ń tẹ ìwé ilé iṣẹ́ náà, wọn ò sì lè pe orúkọ ọkọ wọn. Wọn ò lè pe orúkọ akọrin yìí náà. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bí sílé ọkọ rẹ̀ kó tó wọlé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Á fún un lórúkọ míràn, ìyẹn ló máa pè é dọjọ́ ikú. Orúkọ ẹnu Màmá ni wọ́n tẹ̀ sórí àwo yìí."

Clément jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọdún mẹ́rin," ó ní. "Mo lọ títí dé Kinshasa."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Màmá, kí ni orúkọ Anti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gan-an?"

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

"Èyí tí wọ́n fi sàmì fún wọn ni mò ń wí."

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n bọ́ra sílẹ̀ ní ọjà Mont-Bouët.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n bí mi sílé Sàlàkọ́ ni? Àbí ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wọ ibẹ̀?"

"Ṣùgbọ́n ẹ jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí!"

"Wọ́n ti wà ńlé kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n. Ó parí."

Mo wá gbé àwòrán àwo náà sójú wọn lórí fóònù. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ sórí ọrùn aṣọ kan, wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Èéfín ń rú, èmi náà ń wo ojú Màmá nìkan, torí mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí ní ẹyọ ẹyọ láti kékeré, òní ni mo gbọ́ ọ tán. Lọ́dún 1978 tí wọ́n lé àwọn ará Benin kúrò nílùú yìí, wọ́n kó Bàbá àgbà àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sínú ọkọ̀ òfurufú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọsibítù ni Màmá wà. Bàbá mi ò ju ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ lọ, èéyi ń ṣe é, ara rẹ̀ ń jó bí ààrò. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ Màmá, kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti yá, àwọn á tẹ̀ lé ọkọ àwọn. Kí ara ọmọ tó dá, kí owó ọkọ̀ tó pé, ìròyìn dé pé ọkọ̀ ti pa Bàbá àgbà lójú ọ̀nà Kétu ní Benin. Ẹnì kan sì ti lọ sọ nílé ọkọ pé Màmá kọ̀ láti wá, pé ọkùnrin míràn ló dá wọn dúró. Gbogbo lẹ́tà tí wọ́n kọ, kò sí èyí tí wọ́n dá lóhùn.

"N kò sá," Màmá wí. "Ohun tí mo fẹ́ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi nìyẹn kí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì tó kú. N kò sá."

Lẹ́yìn náà, wọ́n nu imú, wọ́n sì di Ìyá Ìjọ padà.

"Wọ́n pe orúkọ ara wọn níparí apá kejì. Mo wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ẹ lọ gbọ́ ọ níbẹ̀. Àwo kì í ṣe ìyàwó ilé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọgbọ́n sí orí arúgbó. Kwáyà ti pàdánù ọrùn aṣọ kan.

Ọjọ́bọ̀, 9

Apá kejì ń jẹ́ "Dúró Dè Mí ní Rio". Ti Clément bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé ibi tí ó kù díẹ̀ kó parí, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fò, ó ń sọ "èmi, èmi, èmi, èmi". Ìwọ ta? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bu àwo náà jẹ.

Màmá ní tiwọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ooru ti mú un tẹ̀, ó ti di abọ́. A lè bu ọbẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Mo pe Dádì ní Port-Gentil, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. "Dádì, kí ni orúkọ anti yín?" "Anti wo?" "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́." "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà nìyẹn." Ohun tí ìyá wọn ń pè é náà làwọn mọ̀. Mo dúpẹ́, mo pa fóònù.

Mo bá gbìyànjú ọgbọ́n míràn. Bàbá Kàsúmù tó ń rán fìlà ní ìsàlẹ̀ ilé wa ni ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Kétu lórí WhatsApp, àwọn tó wà ní Gabon àti àwọn tó wà nílé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ń wá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ilé Sàlàkọ́, tó gbé Libreville rí. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, àwòrán ti kún inú ẹgbẹ́ náà. Gbogbo ọmọbìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ láti Kétu dé Ìfàǹhìn ni ìyá wọn ti fi fọ́tò wọn ránṣẹ́. Ọ̀kan wọ aṣọ ìgbéyàwó. Bàbá kan béèrè bóyá ọkọ tó ń wá ìyàwó náà ní ìwé ìgbélùú.

"Ọmọ Sàlàkọ́," Bàbá Kàsúmù kígbe láti ìsàlẹ̀, "o ti sọ mí di alárinà!"

Ọjọ́rú, 15

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ tẹ̀lé ara wọn.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Kàsúmù. Wọ́n ń gé ojú òkè fìlà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni: wọ́n á tẹ́ aṣọ, wọ́n á gbé nǹkan pẹlẹbẹ róbótó kan lé e, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yí etí rẹ̀ po, wọ́n á gé e. Nǹkan náà funfun fún ṣọ́ọ̀kì bí àkàrà tí wọ́n yí ní ìyẹ̀fun. Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti rí i. Òní ni mo rí i pé ihò wà láàárín rẹ̀.

Mo fi àtàǹpàkò nù ún. Pupa. Mo tún nù ún. A. L. Á. Lábẹ́ rẹ̀: Opelenge.

Mo ké débi pé takisí mẹ́ta dúró.

Bàbá Kàsúmù ní nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ra páálí àwo àtijọ́ kan ní Mont-Bouët, torí pé àwo kékeré bá àtàrí àgbàlagbà mu gẹ́lẹ́. Àwọn yòókù ti fọ́. Eléyìí nìkan ló kù. Etí rẹ̀ ti jẹ nítorí àlùmọ́gàjí, ìbẹ̀rẹ̀ orin ti lọ ráúráú. Ṣùgbọ́n etí ni orin ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀bá ìwé pupa ló ti ń parí! Ibi tí ti Clément ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni ti Bàbá Kàsúmù dán bí ojú omi. Kò sí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó débẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti rà á.

"Bàbá, ẹ yá mi lọ́jọ́ kan péré."

"Kí n wá fi kí ni gé fìlà? Orí gbogbo mùsùlùmí Rio ló wà nínú nǹkan yẹn. Imáàmù méjì ló ń retí mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbé e padà, ọmọ mi."

"Ẹ lo àwo oúnjẹ."

"Àwo oúnjẹ!" Wọ́n yíjú sí oníbàárà wọn. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó ní kí n fi ìyókù ọbẹ̀ wọn orí imáàmù."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Mo fa ìlà yí àwo náà po lójú Bàbá Kàsúmù gan-an, lórí páálí, mo sì gbé e lọ fún Honoré káfíńtà (orúkọ kan náà pẹ̀lú bàbá àgbà, ìwà wọn ò papọ̀) kó gé pákó pẹlẹbẹ bá a mu. Èkíní tóbi jù. Bàbá Kàsúmù fi gé fìlà kan láti dán an wò, wọ́n dé e fún Junior, fìlà náà sọ̀ kalẹ̀ lé e lójú dé imú. Junior rìn lu ilẹ̀kùn. Ìyẹn nìkan tó mi fún gbogbo wàhálà ọ̀sẹ̀ yìí.

Èkejì pé. Bàbá Kàsúmù fi ọwọ́ yí etí rẹ̀ po, wọ́n ní ó dán ju àwo lọ. Wọ́n nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára àwo pẹ̀lú ẹ̀wù ara wọn, wọ́n gbé e fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Bí o bá rí obìnrin náà," wọ́n ní, "sọ fún un pé ó ti bo orí ọ̀pọ̀ èèyàn."

Kí Ọlọ́run bá mi fún bàbá yìí ní ẹ̀mí gígùn. Àmín, àmín.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá ní àwọn á bá mi lọ sí Batterie IV. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wà lára wọn, fìlà Ìyá Ìjọ wà lórí. Iná lọ ní kété tí a wọlé. A jókòó sínú ooru, Màmá ń ka àwo Clément, wọ́n sọ fún un pé eruku pọ̀ jù. Iná dé nígbà tí òjò dá.

Clément ti fọ àwo náà. Ó gbé máíkì kọ̀ǹpútà síwájú ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gba ohùn náà sílẹ̀, ó ní òun á rán ìbẹ̀rẹ̀ tòun àti ìparí ti Bàbá Kàsúmù pọ̀ bí aṣọ. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e, nítòsí àárín.

Gìtá Bàbá àgbà. Fèrè. Obìnrin náà kọrin "dúró dè mí, dúró dè mí" lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, orin bẹ̀rẹ̀ sí í relẹ̀, ó wá ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu:

"Èmi, èmi Régine Sàlàkọ́ ni mo kọrin yìí o! Ìyàwó mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ṣé ò ń gbọ́ mi? Dúró dè mí ní Rio!"

Régine! Mo wá mọ ìdí tí Màmá fi ń pe Madame Régine tó ń darí kwáyà ní "Ìyá Olórin" láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Mo yíjú sí Màmá kí n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti tẹ̀ síwájú lórí àga, wọ́n ń bá àwo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dáhùn láti yàrá kejì.

"Mo ń gbọ́ yín o, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi. Mo dúró. Èéyi ló ń ṣe ọmọ, ọsibítù ni mo gbé e lọ, mi ò mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń kó yín lọ. N kò sá. Mo dúró dè yín, ẹ ò dé."

Àwo ti parí. Ó ń yí lásán, ó ń dún ṣẹ̀, ṣẹ̀, ṣẹ̀. Clément tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ń sunkún ju gbogbo wa lọ.

Ọjọ́rú, 22

Ọ̀nà Rio kún fún omi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ sí lísè. Ọpẹ́ ni, a ò ní ìdánwò.

Bàbá Kàsúmù fi ohùn ara wọn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ Kétu: "Régine ilé Sàlàkọ́ ni, tó kọrin ní Libreville. Ẹ má fi fọ́tò ọmọge kankan ránṣẹ́ sí mi mọ́." Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan fèsì ní ìrọ̀lẹ́. Ó wà láàyè! Pobè ní Benin ló ń gbé, ó ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Mo jó lórí àtẹ̀gùn, mo ṣubú, mo dìde, mo tún jó.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Màmá pe Anti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fúnra wọn. Wọ́n wọ aṣọ tó dáa láti fi pe fóònù. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ torí etí mi lẹ̀ mọ́ fóònù náà bí àtè.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ káalẹ́ mà. Ìyàwó yín ni, láti Libreville. Ìyàwó Bàbá Jean-Claude."

Ẹlẹ́dẹ̀ kan dún. Lẹ́yìn náà: "Ìyàwó wo? Èyí tó yan ọkùnrin láàyò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ? Wọ́n sin ín, ojú mi ń wo ọ̀nà, n kò rí ẹ. Kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ mi?"

Ó pa fóònù. Màmá tún pè. Kò gbé e.

Màmá bọ́ aṣọ náà, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Wọn ò jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Clément náà pe Anti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nípa ìwé àwo. Ó ní obìnrin náà sọ fún òun pé kí wọ́n kọ ohun tó bá wù wọ́n, akọrin yẹn ti kú ní 1978.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí mo ṣe. Mo ní kí Clément fi apá kejì tó gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gé ọ̀rọ̀ Màmá kúrò níparí rẹ̀. Mo ní rárá, bó ṣe wà gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Mo fi ránṣẹ́ sí Pobè. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọwọ́ ń yún mi láti kọ ojú ìwé mẹ́wàá, mo jókòó lé ọwọ́ náà.

Àmì WhatsApp méjì. Wọ́n di búlúù. Kò sí èsì.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Bàbá mi ọ̀run, ẹ ṣé. Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé.

A ń jẹun ọ̀sán. Fóònù mi dún, ìpè olójúkojú, nọ́ńbà Pobè. Mo gbé e. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló kọ́kọ́ wọlé, ó kún ojú fóònù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì tó ráàyè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti di igi ìrókò! Ilé tó wà lẹ́yìn wọn kéré sí wọn.

"Ìwọ lo fi orin yẹn ránṣẹ́ sí mi?"

"Èmi ni mà."

"Ojú ẹ ṣe ọ̀kánjúwà bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Gbé ìyàwó mi fún mi."

Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì. Màmá dìde. Wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n má gun àtẹ̀gùn ní ìgbà méjì lóòjọ́, tí wọ́n sì fi ọdún márùn-ún ju obìnrin yẹn lọ. Junior mú apá kan, èmi mú èkejì. Orúnkún wọn dún bí igi gbígbẹ. Wọ́n kúnlẹ̀ tán, orí wọn wà lábẹ́ tábìlì, fóònù ò rí wọn mọ́.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ kúulé mà," wọ́n wí láti ìsàlẹ̀.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Ọmọ náà," ohùn náà wí, "ṣé ó yè?"

"Ó yè. Ó wà ní Port-Gentil. Ó ti bí méjì, àwọn ló dì mí mú yìí."

Mi ò lè kọ irú ẹkún tó jáde láti inú fóònù yẹn. Mo mọ àsọdùn ṣe, ṣùgbọ́n èyí ò gba àsọdùn. "Wọn ò sọ fún wa pé ọmọ ń ṣàìsàn," wọ́n ń wí, "ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa, ẹnikẹ́ni." Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìdí aṣọ nu ojú.

"Dìde, ìyàwó mi. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbé e dìde. Kí ẹ sì tẹ́ ìrọ̀rí sílẹ̀ nígbà míì, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí iná fóònù mi fi tán, a gba ti Junior, ìyẹn náà tán. Junior ní àlùbọ́sà ló bọ́ sí òun lójú. Ìrẹsì àti ẹja ni a jẹ. Kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30

Ìwé àwo ń lọ lọ́la. A jókòó ní pálọ̀ wa, Clément gbé kọ̀ǹpútà lé itan, Anti wà lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ò sọ Faransé mọ́, èmi ni ògbufọ̀, wọn ò sì san fàráńkì kan fún mi.

Clément béèrè pé ṣé kí òun kọ Régine Sàlàkọ́ síwájú àwo?

"Ilé mẹ́ta tó yí mi ká, Régine wà níbẹ̀," Anti fèsì. "Ní kó kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kó sì fi àmì sí i dáadáa. Régine yẹn, kó fi sínú ìwé owó tí wọ́n máa san fún mi."

Clément kọ ọ́. Màmá wo ojú kọ̀ǹpútà náà dáadáa, wọ́n ní ó ku àmì kan lórí *ń*. Ó fi sí i.

Lẹ́yìn náà, Clément fọwọ́ họ orí rẹ̀. Ó ní àwọn ará Belgium ti gbọ́ apá kejì tí òun rán pọ̀, inú wọn dùn gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí òun bá wọn gé *le bruit* tó wà níparí rẹ̀ kúrò, ìyẹn ariwo tó ṣèèṣì wọ inú rẹ̀. Ohùn Màmá ni wọ́n ń sọ.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú fóònù náà fẹ̀ sí i.

"Ariwo wo? Ìyàwó mi ni ariwo? Sọ fún un pé mo béèrè ìbéèrè lórí àwo yẹn láti 1977, pé ó ti tó kí wọ́n gbọ́ èsì rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e, kí wọ́n gé tèmi náà. Mo ní ẹlẹ́dẹ̀ tí mò ń bọ́."

Clément kọ̀wé sí wọn níwájú wa. A mu tíì. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó dá. Èsì dé: wọ́n á fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n sì ń béèrè orúkọ obìnrin kejì náà.

Mo kà á sétí Màmá. Wọ́n jókòó gbọn-in, wọ́n tún gèlè ṣe.

"Ṣé gbogbo ayé ló máa gbọ́ mi?"

"Gbogbo ayé, Màmá. Títí dé Ṣáínà."

"Ẹ̀yin ọmọ burúkú," wọ́n ní, "ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu omi, kí n tún ọ̀fun ṣe."